Kòkòrò Tó Ń Mu Oje Ọsàn Ti Wọ Nàìjíríà: Ọ̀mùnú Ni Kí Àgbẹ̀ Máa Wò

Ní ọdún 2020, nígbà tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ kòrónà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan gbé ìròyìn jáde nínú ìwé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Scientific Reports. Wọ́n ní àwọn ti rí kòkòrò kan lára igi ọsàn ní Nàìjíríà, tí ẹnikẹ́ni ò tíì ròyìn rẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí rí. Diaphorina citri ni wọ́n ń pè é. Kò ju mílímítà 3 sí 4 lọ, ìyẹn bí ìdajì ẹyọ ìrẹsì kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ sí ìròyìn náà rárá.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá o. Bí ẹ bá ń gbọ́ wa láti Mọníyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Àkànrán, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ṣòro kéèyàn rí abúlé tí kò ní igi ọsàn lẹ́yìnkùlé. Ara igi yẹn ni owó ilé ìwé ọmọ ẹlòmíràn ti ń jáde. Kòkòrò yìí fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa igi. Àrùn tó lè gbé ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bani, àrùn tí kò tíì gbóògùn, tó ti sọ oko ọsàn di ahoro láwọn ibòmíràn láyé. Ìròyìn ọdún 2020 yẹn, ti kòkòrò ni, kì í ṣe ìkéde pé àrùn ti dé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tètè sọ̀rọ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ kò ju ẹyọ kan lọ: kòkòrò yìí ń tẹ̀lé oje tó wà nínú ọ̀mùnú ọsàn. Àgbẹ̀ tó bá mọ ìgbà tí oje náà máa ń wu kòkòrò mu, òun ló máa mọ ìgbà tó yẹ kó lọ yẹ igi rẹ̀ wò.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ OJE IGI?

Bíi pé páìpù méjì ló wà nínú igi ni. Àkọ́kọ́ ń gbé omi àti èròjà ilẹ̀ láti gbòǹgbò lọ sókè. Èkejì, tó wà lábẹ́ èèpo, ń gbé oúnjẹ tí ewé ti fi oòrùn sè kiri gbogbo ara igi. Ó ń gbé e lọ bá gbòǹgbò, èso àti ọ̀mùnú. Oje inú páìpù kejì yìí ni kòkòrò wa ń wá. Ẹnu rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Á gún ewé títí abẹ́rẹ́ náà á fi kan páìpù, á wá máa fà á mu.

Àmọ́ oje yẹn ní ìṣòro tiẹ̀. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èròjà tó ń mú ara dàgbà, irú èyí tí àwa ń rí nínú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, kò tó nǹkan níbẹ̀. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n ń fún ní omi ṣúgà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ikùn rẹ̀ á kún, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà. Ọgbọ́n méjì ni àwọn kòkòrò tó ń mu oje ń dá sí i. Èkíní, àwọn bakitéríà kan wà tó ń gbé inú wọn, tí wọ́n ń bá wọn ṣe èyí tó kù nínú èròjà náà. Ọ̀rẹ́ àjọgbé ni wọ́n. Èkejì, wọ́n máa ń mu oje lámujù, wọ́n á yọ ìwọ̀nba èròjà tí wọ́n nílò, wọ́n á sì yà ṣúgà tó ṣẹ́kù dànù.

Ìgbẹ́ dídùn yẹn ló ń mú kí ewé máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Òun ló ń pe èèrà. Òun náà ló ń fa ìdọ̀tí dúdú tó máa ń bo ojú ewé bí èédú. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí èèrà ń tò lọ tò bọ̀ lórí igi ọsàn, ẹ má sáré dá èèrà lẹ́bi. Ẹ wá ẹni tó ń fún èèrà lóúnjẹ.

ÌDÍ TÓ FI JẸ́ Ọ̀MÙNÚ

Kì í ṣe gbogbo ewé ni oje rẹ̀ rí bákan náà. Ewé tó ti gbó máa ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ síta ni, ọ̀mùnú sì máa ń gbà á wọlé. Nígbà tí ọsàn bá ń yọ ewé tuntun, igi á kó èròjà amúdàgbà jọ láti apá ibòmíràn lára rẹ̀, á rọ́ ọ síbẹ̀. Ara ọ̀mùnú tún rọ̀, abẹ́rẹ́ ẹnu kòkòrò ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí abo kòkòrò yìí kì í fi í yé ẹyin sórí ewé tó ti le. Ọ̀mùnú tí kò tíì là tán ló ń wá. Abo kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó tó 800 láyé rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá sì gbà fún un, ẹyin yẹn lè di kòkòrò tó ń fò láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún àgbẹ̀ ìhà ọ̀dọ̀ wa? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀mùnú kì í pọ̀, kòkòrò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ibi yé sí. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá wá rọ̀, tí gbogbo igi yọ ewé tútù lẹ́ẹ̀kan náà, àsè ti dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí òjò bá tún padà lẹ́yìn ọ̀dá oṣù kẹjọ. Igi tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lẹ́ka náà máa ń yọ ọ̀mùnú. Igi tí wọ́n bá sì da ajílẹ̀ òyìnbó sí ní àdàjù, ewé tútù rẹ̀ á pọ̀, oje rẹ̀ á tún kún fún èròjà tí kòkòrò ń wá.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má fún igi rẹ̀ ní ajílẹ̀ o. Ohun tí à ń sọ ni pé kí àgbẹ̀ má da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì mọ̀ pé lẹ́yìn tó bá dà á tán ni iṣẹ́ wíwo igi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

ÀRÙN TÓ Ń FI OJE RÁN ARA RẸ̀ NÍṢẸ́

Huanglongbing ni orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà fún àrùn tí à ń sọ yìí. Bakitéríà ló ń fà á, kì í ṣe irú bakitéríà ọ̀rẹ́ tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Inú páìpù oúnjẹ igi yẹn gan-an lòun ń gbé. Kò lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti igi kan dé èkejì. Kòkòrò ló ń gbé e, bí ẹ̀fọn ṣe ń gbé ibà. Ọmọ kòkòrò tó bá kó o lára igi tó ní àrùn lè máa gbé e kiri títí yóò fi kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yani lẹ́nu nìyí. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé igi tó ti kó àrùn náà máa ń tú òórùn kan jáde ju igi tí ara rẹ̀ dá lọ. Methyl salicylate ni wọ́n ń pe òórùn náà. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí, òun ló máa ń ta síni nímú láti inú báàmù tí à ń fi pa oríkèé tó ń ro wá. Òórùn yìí ń fa kòkòrò mọ́ra. Kòkòrò á bà lé igi tó ní àrùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Àmọ́ àrùn ti ba oje jẹ́, èròjà tó ń wá ò tó nínú rẹ̀ mọ́. Tó bá ṣe díẹ̀, á fò kúrò níbẹ̀, á lọ wá igi tí ara rẹ̀ dá. Kó tó lọ, ó ti lè kó bakitéríà náà dání.

Ó dà bí ìgbà tí òórùn àkàrà bá pe oníbàárà láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò, kò dùn, wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ alákàrà mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n epo ti ta sí wọn láṣọ, wọ́n sì ń gbé àbàwọ́n yẹn kiri gbogbo ibi tí wọ́n bá yà sí.

Igi ńkọ́? Páìpù oúnjẹ rẹ̀ á máa dí. Ewé ń se oúnjẹ, oúnjẹ ò rí ọ̀nà lọ, á kún inú ewé pinpin, bẹ́ẹ̀ ni ebi ń pa gbòǹgbò nísàlẹ̀. Gbòǹgbò tí ebi ń pa ò lè fa omi bó ṣe yẹ. Igi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí ẹ̀ka. Ọsàn rẹ̀ á kéré, á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdí rẹ̀ á ṣì jẹ́ tútù nígbà tó yẹ kó ti pọ́n, á korò lẹ́nu, á sì máa já bọ́ láìtọ́jọ́. Gbogbo èyí lè gba oṣù púpọ̀, kódà ó lè gba ọdún, kó tó hàn síta. Ní gbogbo àsìkò yẹn, igi tí ojú rí bí ẹni pé ara rẹ̀ le ti lè máa pín àrùn fún àwọn tó yí i ká.

KÍ LÓ ṢẸLẸ̀ SÍ FLORIDA?

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó wo Florida. Ọdún 1998 ni wọ́n rí kòkòrò náà níbẹ̀. Wọn ò rí àrùn náà títí di 2005. Ọdún méje wà láàárín. Lásìkò ìkórè 2003 sí 2004, ọsàn tí Florida kó tó páálí mílíọ̀nù 242. Nígbà tó fi máa di ìkórè 2022 sí 2023, ó ti já wá sí nǹkan bí mílíọ̀nù 16. Ìjì líle dá kún ti ọdún yẹn lóòótọ́, àmọ́ àrùn yìí ló ti kọ́kọ́ sọ oko wọn di aláìlera. Ìpínlẹ̀ São Paulo ní Brazil náà rí àrùn náà ní 2004.

Nínú ọdún méje tó wà láàárín yẹn, kòkòrò náà ti gbá Florida já. Ìyẹ́ rẹ̀ nìkan kọ́ ló gbé e dé gbogbo ibẹ̀. Wọ́n ń ta òdòdó kan fún ọgbà ilé, Murraya lorúkọ rẹ̀, tó jẹ́ ìbátan ọsàn, tí kòkòrò yìí sì fẹ́ràn gidigidi. Láti nọ́sìrì dé ṣọ́ọ̀bù, láti ṣọ́ọ̀bù dé ilé oníbàárà, ọkọ̀ làwọn èèyàn fi ń gbé kòkòrò náà kiri láìmọ̀.

Ní Áfíríkà, wọ́n ti ròyìn kòkòrò yìí ní Tanzania àti Kenya ṣáájú kí wọ́n tó ròyìn rẹ̀ nílẹ̀ wa. Irú àrùn náà kan ti wà ní Gúúsù Áfíríkà tipẹ́, àmọ́ ilẹ̀ tó tutù lèyẹn ń fẹ́. Èyí tó ti Éṣíà wá kò bẹ̀rù ooru. Ooru tiwa níbí ò ní lé e sá.

ÌBÀDÀN TI RÍ IRÚ RẸ̀ RÍ

Ọ̀rọ̀ kí kòkòrò máa mu oje, kó sì máa pín àrùn, kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Àwọn bàbá wa rí i lára kòkó. Ní 1936 ni wọ́n ṣàwárí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní Gold Coast, tó di Ghana lónìí. Ní 1940, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ A. F. Posnette fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n mọ̀ pé kòkòrò kékeré kan, tó funfun bí ẹni pé wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun sí i lára, ló ń mu oje kòkó tó sì ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri. Èèrà ló tún ń ṣọ́ kòkòrò náà, nítorí ìgbẹ́ dídùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ní 1944, wọ́n rí àrùn náà lágbègbè Ìbàdàn. Ẹni tó bá ka ìwé àwọn onímọ̀ ìgbà náà yóò rí i pé orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi pe oríṣi fáírọ́ọ̀sì náà. Ọ̀kan ń jẹ́ Ọ̀fà Igbó, òmíràn ń jẹ́ Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n tún rí i pé fáírọ́ọ̀sì náà lè gbé lára àwọn igi ilẹ̀ wa bí àràbà àti osè.

Àdá ni ìjọba àmúnisìn fi dojú kọ ọ́. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ wọ oko, wọ́n ń gé igi tó ní àrùn, wọ́n sì ń gé èyí tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ fi ara yín sípò àgbẹ̀ tí wọ́n gé kòkó rẹ̀ lulẹ̀ nígbà tó ṣì ń so. Òun ń wo èso lórí igi, òṣìṣẹ́ ìjọba ń sọ̀rọ̀ ohun tí ojú lásán ò lè rí nínú oje igi. Àlàyé ò wọlé, ìjà dé. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Máyégún dìde ní Ìbàdàn láti ta ko gígé kòkó. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú òṣèlú, torí Máyégún wà lára àwọn tó para pọ̀ di ẹgbẹ́ Mábọ̀lájẹ́ tí Adégòkè Adélabú ṣe aṣáájú rẹ̀ láwọn ọdún 1950. Nígbà tó yá, ìjọba jáwọ́ nínú gígé igi láwọn ibi tí àrùn ti gbilẹ̀ jù ní agbègbè Ìbàdàn. Ní Ghana, igi kòkó tí wọ́n ti gé láti 1946 lé ní mílíọ̀nù 200, síbẹ̀ àrùn náà ò tíì tán.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, nígbà tó bá ti di ká máa gé igi, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Èkejì, àgbẹ̀ tí wọn ò ṣàlàyé fún kó tó di ọjọ́ ìṣòro, ọ̀tá ni yóò ka ẹni tó bá wá ràn án lọ́wọ́ sí.

KÍ LÓ YẸ KÓ ṢẸLẸ̀ BÁYÌÍ?

Kò sí ìlú tó sún mọ́ ìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí tó Ìbàdàn. NIHORT, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́, ti wà ní Ìdí-Ìṣìn láti 1975. IITA wà lọ́nà Ọ̀yọ́, ní ìtòsí Mọníyà. Àwọn tó ń ṣọ́ ohun ọ̀gbìn tó ń wọ orílẹ̀-èdè yìí, ìyẹn NAQS, ní ibùdó ní Moor Plantation. Láti ibẹ̀ sí Lálúpọn, ọkọ̀ kan tàbí méjì ni. Ohun tó kù ni kí ìmọ̀ náà wọkọ̀.

Nọ́sìrì ló yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ̀bá títì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra ọmọ igi ọsàn, a kì í sì í béèrè ibi tí wọ́n ti gé ojú ẹ̀ka tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ojú ẹ̀ka yẹn bá ti ara igi tó ní àrùn wá, ọmọ igi náà ti gba àrùn kó tó dé oko. Ó yẹ kí àwọn tó ń ta ọmọ igi ní ẹni tó ń yẹ igi wọn wò, kí wọ́n sì ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Kí èyí má di ọ̀nà àtigba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké o. Ìrànlọ́wọ́ ló yẹ kó jẹ́, torí àwọn náà ni ẹnu ọ̀nà tí a fẹ́ kí wọ́n bá wa ṣọ́.

Fún àgbẹ̀, iṣẹ́ náà ò gba owó. Lásìkò tí igi bá ń yọ ewé tútù, ẹ lọ wo ọ̀mùnú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kòkòrò náà máa ń dorí kodò ni, á kẹnu mọ́ ewé, á wá gbé ìdí sókè, bí ẹni tó ń forí balẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lè fò pẹlẹbẹ, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òwú funfun wẹ́ẹ́rẹ́ sì máa ń jáde lára wọn. Ẹ wo ewé tó ti gbó náà. Bí ebi èròjà ilẹ̀ lásán bá ń pa igi, àpá yẹ́lò rẹ̀ sábà máa ń dọ́gba lọ́tùn-ún lósì ewé. Ti àrùn yìí kì í dọ́gba, ó dà bí ẹni pé wọ́n kàn ń ta ọ̀dà sí i wúruwùru. Àmọ́ ojú nìkan ò tó fi ṣèdájọ́, àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ìwádìí ló lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Bí ẹ bá rí ohun tó jọ ọ́, ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ fi han òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ní agbègbè yín, tàbí kí ẹ kàn sí NIHORT. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ẹ̀ka náà kí ẹ gbé e wọ mọ́tò lọ sígboro. Bí kòkòrò ṣe ń rìnrìn àjò nìyẹn.

Oògùn apakòkòrò ńkọ́? Ká má kàn máa fọ́n ọn kiri. Alántakùn àti àwọn kòkòrò mìíràn wà tó ń jẹ ọmọ kòkòrò yìí, oògùn tí a bá fọ́n láìnídìí á pa wọ́n kú. Ní erékùṣù Réunion, agbọ́n kékeré kan tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Éṣíà ló bá wọn dín kòkòrò náà kù. Ní Vietnam, àwọn àgbẹ̀ ń gbin gúáfà sáàárín ọsàn, torí òórùn ewé gúáfà kì í jẹ́ kí kòkòrò náà fẹ́ sún mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dán èyí wò síwájú sí i, wọ́n rí i pé kò tó láti dá dúró. Ẹni tó bá ní àyè lè gbìn ín, ó kéré tán yóò jẹ gúáfà, àmọ́ kó má tìtorí rẹ̀ pa ojú dé.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ fún àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Àkìnyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ni pé, ta ni wọ́n ti rán lọ sí abúlé láti lọ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àgbẹ̀? Àwọn bàbá wa ò mọ ohun tó ń mu oje kòkó wọn títí òṣìṣẹ́ fi gbé àdá dé. Àwa ti mọ èyí tó ń mu oje ọsàn. A mọ orúkọ rẹ̀, a mọ ibi tó ń yé sí, a sì mọ ìgbà tó ń wá. Bí òjò bá ti rọ̀ tí ewé tútù yọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí igi tó wà lẹ́yìnkùlé yín.